Ṣé kí wọ́n fagi lé òfin ìbọn ti ìjọba àpapọ̀, àbí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn:

"Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti kaṣú lẹ́bàá igbó. Àwa àgbẹ̀ mọ́kànlá la dáwó jọ láti háyà ọdẹ mẹ́ta tí yóò máa ṣọ́ oko wa, ṣakabùlà ló sì wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ tí àwọn ajínigbé dé, AK-47 ni wọ́n gbé wá. Àwọn ọdẹ wa sá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyàwó ẹnì kan nínú wa lò nínú igbó kí owó tí wọ́n béèrè tó pé. Kí ló dé tí òfin Àbújá fi gba ìbọn gidi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́lé, tí kò sì rí i gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń jí èèyàn gbé? Ṣé kò tó àkókò kí wọ́n fagi lé òfin náà pátápátá?"

* * *

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wa láti bí ọdún mẹ́jọ, èmi ni mo sì máa ń ka òfin yìí fún àwọn àgbà ọdẹ tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń bá a jà lé lórí ni kò sí níbẹ̀.

Láti 1959 ni Òfin Ìbọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ìsọ̀rí mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn tí ó kà léèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 7.62 mm tàbí 9 mm, gbogbo ìbọn ìléwọ́, àti pọ́ńpù àkíṣọ̀n, ìbọn tí a ń fọwọ́ fà lábẹ́ kí ó tó tún yìn. Ọ̀nà méjì ni AK-47 gbà bọ́ sínú rẹ̀, nítorí pé ọta 7.62 ló ń jẹ, ó sì ń rọ̀jò ọta. Ààrẹ ló ni àṣẹ láti fún èèyàn níwèé àṣẹ fún irú èyí. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn oníkátíríìjì olójú kan àti olójú méjì tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ọdẹ mọ̀, àti ìbọn ọdẹ mìíràn tí kì í ṣe ti ológun. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tiwọn. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí a ń gba ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìsọ̀rí kìíní mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10.

Ẹ tún fi èyí kún un. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 to àwọn iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ìbọn, ọta àti ohun abúgbàù ló sì wà ní nọ́ńbà kejì. Èyí túmọ̀ sí pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ó lè rán aṣọ fún wọn, ó lè ra mọ́tò fún wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú ìbọn tí wọn yóò gbé lọ bá ajínigbé nínú igbó.

Òfin méjì la ń bá fà á, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ni ẹ̀gbọ́n wa àgbẹ̀ béèrè: èyí tó sọ irú ìbọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa lè ní, àti èyí tó sọ ẹni tó ni àṣẹ lórí ìbọn àwọn tó ń ṣọ́ wa. Lójú tèmi, ìdáhùn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

* * *

Àwọn tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé fèsì sí ìbéèrè yìí ló ní kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹ ní olè kì í gbàwé àṣẹ, ẹ ní òfin tí olóòótọ́ nìkan ń pa mọ́, olóòótọ́ nìkan ló ń dè. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé bí gbogbo ilé ní abúlé bá ní AK-47 kan, ajínigbé kan kò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Mo gbọ́ yín, inú ìbànújẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ kan, lẹ́yìn tí wọ́n sun ìrèmọ̀jé tán, àwọn ọdẹ tò láti yìnbọn ẹ̀yẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àwọn àgbà yin tiwọn sókè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan tí kì í ṣe ọdẹ, tó ti mu ẹmu ju bó ṣe yẹ lọ, fa pọ́ńpù kan yọ láti inú mọ́tò. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ní i. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó dún dáadáa, ó tún un kì, ọwọ́ rẹ̀ sì wá sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà ni ọta náà bá ní itan. Mo rí bí abọ́ tó gbé sórí ṣe dà wálẹ̀, tí àwọn ọ̀rá omi náà ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀jẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n títí di òní ló ń tiro. Ká ní ìbọn arọ̀jò-ọta ló wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn ni, mi ò rò pé èmi náà yóò wà níbí láti kọ ọ́.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe ajínigbé nìkan ni a máa ń bínú sí. Ẹni tó bá gbé ní Ifẹ̀ tàbí Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń dà nígbà tí ìbọn bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ń jẹun láti inú ọjà kan náà. Ilẹ̀ tí a ń jà lé lórí ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà kò lópin, bẹ́ẹ̀ ni ìjà oyè. Èmi kò fẹ́ kí AK-47 wà nínú yàrá ẹnikẹ́ni tí a jọ ń pín ààlà oko, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn rere tó.

Nítorí náà mi ò sí lẹ́yìn fífagilé pátápátá, mi ò sì ní yí èyí padà.

* * *

Ẹnì kan ní kí n má ṣe dáàbò bo òfin àwọn òyìnbó. Ó tọ̀nà láti mú ibi tí òfin yìí ti wá sórí, nítorí pé ìtàn náà le ju bí ó ṣe rò lọ.

Nígbà ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn gan-an ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé, irú èyí tí a ń gba ìdí rẹ̀ ki ọta, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀ lójú ogun. Ìbàdàn tí wọ́n ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ pípẹ́ bá ìbọn tó yá ju tiwọn lọ pàdé, ogun náà kò sì tètè parí mọ́. Ó yẹ kí èyí yé wa yékéyéké: nígbà kan rí, àwọn baba wa ní irú ìbọn tó wà lóde lásìkò wọn.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ nípa ìbọn. Wọ́n dènà ìbọn ìgbàlódé kó má ṣe wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn àtijọ́ tí òkúta ìṣáná ń tanná ran àti ẹ̀tù lásán. Láti ìgbà náà ni ṣakabùlà ti di ohun tí wọ́n gbà pé ó tó wa. Nígbà tí mo bá ka ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú òfin 1959, àdéhùn yẹn ni mo máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé kí a má ṣe lè bá ìjọba jà. Kò ro ti ọjọ́ tí ìjọba kò ní lè dáàbò bo àgbẹ̀, tí àgbẹ̀ yóò sì wà láàárín ìjọba àti ajínigbé láìní ohunkóhun lọ́wọ́.

Ní 1968 àti 1969, ṣakabùlà kan náà ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà gbé nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Kò sí ìjọba kan tó gbàgbé ìyẹn.

* * *

Arákùnrin kan tó ń gbé ní Texas dá sí i. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra ìbọn tó jọ ti ológun lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì béèrè ìdí tí a kò fi lè ṣe bíi tiwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Amẹ́ríkà bó ṣe rí. Ìbọn tí ó ń sọ ń yin ọta kan nígbàkigbà tí a bá fà á. Ìbọn arọ̀jò-ọta gidi, èyí tí AK-47 ológun jẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ tiwọn náà dè é. Láti 1934 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ san owó orí 200 dọ́là, kí ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ẹ̀bìbì 1986, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa: èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ará ìlú lásán kò lè ní i. Àwọn ìbọn kan tó jọ ti ológun wà lábẹ́ ìdènà láti 1994 títí di 2004, òfin náà sì parí fúnra rẹ̀ nígbà tí wọn kò tún un ṣe. Lọ́dún 2025, wọ́n sọ owó orí 200 dọ́là yẹn di òfo fún ohun tí ń pa ariwo ìbọn mọ́ àti fún ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kúrú, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, ìjà sì ń lọ lórí bóyá ó yẹ kí ìforúkọsílẹ̀ náà lọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, wọn kò tú ti ìbọn arọ̀jò-ọta sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwọn kan ń béèrè fún gbogbo abúlé wa ju ohun tí Amẹ́ríkà gbà fún ará ìlú tirẹ̀ lọ. Àti pé, arákùnrin mi, ìwọ náà mọ iye ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọdé níbẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní ṣakabùlà ṣì dára tó, pé ọgbọ́n ọdẹ ló ń pa ẹran. Èyí bí mi nínú díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ wo bí àbúrò bàbá mi ṣe ń kì ìbọn. Yóò gbé ìdí rẹ̀ kalẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Yóò da ẹ̀tù láti inú àdó sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fojú díwọ̀n rẹ̀, yóò rọ ọ́ sẹ́nu ìbọn. Yóò fi okùn ọ̀pẹ tí ó ti ra rọ̀ dí i, yóò sì máa fi ọ̀pá irin gún un títí tí ọ̀pá náà yóò fi máa ta padà sókè, nítorí pé ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ó ti ki. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kó ọta sí i, tí yóò tún dí i lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò sì fi kápù kékeré bíi orí ìṣó sí ibi tí òòlù ìbọn yóò gbá. Mo fi aago mi díwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ kan: nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù, kò dín ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ọta ẹ̀ẹ̀kan ni. Àpò ọta AK-47 ń gba 30.

Ní 2021, nígbà òjò, ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin pàdé ní ojú ọ̀nà oko. Ó fa ìbọn, òòlù gbá kápù, kò dún. Ẹ̀tù ti rin. Ó gbọ́ ohùn kékeré yẹn, "kẹ́", wọ́n sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. Apá ọ̀tún ni wọ́n yìn ín, ó sì wọ́ nínú koríko títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn agbófinró tó wá bá a níbẹ̀, ìwé ìyọ̀ọ̀da ṣakabùlà rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó yìn ín. Èmi ló sáré padà sílé lóru láti lọ mú ìwé náà wá.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ó tó.

* * *

Ìdáhùn tí mo kà tó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ìyá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ajínigbé ń ba àwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù gómìnà tó ní ìbọn ba àwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọmọdé ni àwọn nígbà tí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn sì rántí ìgbà tí wọ́n wá mú bàbá àwọn nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà.

Ẹ̀yin mà, òótọ́ ni ẹ sọ, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ di pàṣán lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí àlééfà. Nígbà tí ìbò oṣù Ọ̀wàrà 1965 dàrú, tí Wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn, bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sá lọ bá wọn pé kí wọ́n dáàbò bo òun. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní 1966, kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kó ọlọ́pàá ìbílẹ̀ nílẹ̀, àwọn tí ìyà ti jẹ lọ́wọ́ wọn kò sì sunkún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, fi ní kò bófin mu. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìbọn kò kúrò níbi tó wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 èèyàn. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, tí Ọ̀wọ̀ jẹ́ ìlú rẹ̀, béèrè ní gbangba ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Katsina fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo AK-47, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún Àmọ̀tẹ́kùn. Ààfin Ààrẹ dáhùn pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí àwọn fún láṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Akérédolú ti kú ní oṣù Ọ̀pẹ 2023, ìbéèrè rẹ̀ kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ni lọ́rùn.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn méjèèjì ni pé ìbọn tó wà lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo léwu, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Àbújá. Ìyá wa bẹ̀rù kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ gómìnà nìkan. Èmi bẹ̀rù kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Ààrẹ nìkan, tí ẹni tí wọ́n ń pa ní Ọ̀wọ̀ kò sì lè kàn ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó kú.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé ìjọba àpapọ̀ ló mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn, pé bí ìpínlẹ̀ bá ní i yóò sọnù.

Ọ̀gá olùyẹ̀wò ìwé owó ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ fún 2019 pé ìbọn 3,907 wà tí àwọn ọlọ́pàá kò lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ní 2025, ìgbìmọ̀ kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lórí rẹ̀. Ẹ sì rántí oṣù Ọ̀wàrà 2020, nígbà tí wọ́n jó àgọ́ ọlọ́pàá káàkiri, tí àwọn èèyàn sì kó ìbọn jáde níbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ tiwa, tí kò ní ju ọmọ ẹgbẹ́ 64 lọ, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi. Ìbọn ta ni, nọ́ńbà wo ló wà lára rẹ̀ bí ó bá ní, ọjọ́ wo ni a rí i kẹ́yìn. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ wá, a ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹnì kan bá kú, ọjọ́ keje ni a ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ láti mọ ẹni tí ìbọn náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ìwé ogójì ojú ìwé tí mo rà ní ọjà ni. Bí àwa bá lè ṣe é, ìpínlẹ̀ lè ṣe é, ìjọba àpapọ̀ náà sì yẹ kó ti ṣe é. Ọta ni kí ẹ máa kà jù, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí pé ìbọn tí ó jáde lọ pẹ̀lú ọta 30, tó sì padà pẹ̀lú 22, ó gbọ́dọ̀ ní ìtàn tí yóò sọ lórí mẹ́jọ.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí àgbẹ̀ wa lọ gba ìwé àṣẹ fún olójú méjì dípò kó máa kígbe, ṣé ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ rí? Mo bá bàbá mi lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ tún tiwọn ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la lọ sí ọ́fíìsì kan náà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹni tó ń bójú tó o kò sí níjokòó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní fáìlì ti lọ sí orílé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n béèrè owó tí kò sí rìsíìtì fún. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá mi dá ìbọn náà padà sínú àpótí wọn, wọ́n sì fi okùn dì í. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71 nígbà náà. Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún olóòótọ́ ti hu koríko, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gba ọ̀nà orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin tí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé.

Èyí ló sì mú mi padà sórí ìbéèrè náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa àgbẹ̀ kọ̀wé padà lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwọn ti ka gbogbo rẹ̀, àwọn sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn yóò kọ ránṣẹ́ sí aṣòfin wa, níwọ̀n ìgbà tí Ààrẹ Tinúbú ti ní kí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ọlọ́pàá tirẹ̀ yóò ṣe ní i. Oṣù Bélú 2025 ló sọ ọ́, oṣù kan náà tí àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn ní Eruku ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ.

Ohun tí èmi yóò kọ nìyí. Kí ìdènà AK-47 àti gbogbo ìbọn arọ̀jò-ọta fún ẹni kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe wà, pẹ̀lú ọdún 10 rẹ̀. Kí wọ́n yọ pọ́ńpù kúrò ní ìsọ̀rí kìíní fún ọdẹ tó ti forúkọ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró fún un, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì jáde láti ìpínlẹ̀ láàárín iye ọjọ́ tí òfin yóò dárúkọ, nítorí pé ọdẹ tó ń ṣọ́ oko kò lè máa kì ẹ̀tù nínú òjò ní ọdún tí a wà yìí. Kí wọ́n tún Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe, kí ọ̀rọ̀ ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ má ṣe jẹ́ ti Àbújá nìkan mọ́. Kí ìbọn ológun tí wọ́n bá fún Àmọ̀tẹ́kùn máa sùn ní ilé ìbọn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kí adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ìwé ọta fún òun nígbàkigbà. Kí wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti gbé ìbọn yẹn jáde lọ́jọ́ ìbò. Ti ìyá wa olùkọ́ ni èyí tó kẹ́yìn; wọ́n ní bí wọn kò bá fi í sí i, àwọn kò ní fọwọ́ sí i, mo sì rò pé wọ́n jàre.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wọ oko yín sínú ìwé náà, ẹ kọ iye àgbẹ̀ tí ẹ jẹ́, irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọdẹ yín, àti iye wákàtí tí ó gbà kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ má ṣe gbàgbé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ó kà á síta ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ wa tó ń bọ̀. Àbúrò bàbá mi ti ní àwọn yóò tẹ̀ka sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé apá ọ̀tún yẹn kò tíì lè nà dáadáa.